Rififi: Ìwé Le Breton, Fíìmù Dassin

Àwọn tó ti kọ̀wé lórí Rififi, fíìmù olè tí wọ́n ṣe ní Paris, kò fẹnu kò. Àwọn kan ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, wọ́n sì gbé gbogbo iyì rẹ̀ fún òǹkọ̀wé. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dárúkọ òǹkọ̀wé náà. Ó yẹ kí a fún oníkálùkù ní tirẹ̀.

Auguste Le Breton ló kọ ìwé náà, Du rififi chez les hommes. Gallimard tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1953 lábẹ́ ọ̀wọ́ Série noire.

Jules Dassin tó darí fíìmù náà kì í ṣe ọmọ Faransé. Connecticut ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1911. Lọ́dún 1951, Edward Dmytryk, olùdarí bíi tirẹ̀, dárúkọ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pé kọ́múníìsì ni, Hollywood sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àìríṣẹ́ ló jẹ́ kó gba ìwé tí kò fẹ́ràn. Nínú ìwé, ará Àríwá Áfíríkà ni ẹgbẹ́ jàǹdùkú tó ń bá àwọn olè náà ṣọ̀tá. Dassin kọ̀ láti gbé irú ẹ̀tanú bẹ́ẹ̀ sójú sinimá, ó sì yí i padà.

Lórí olè jíjà inú fíìmù náà ni àríyànjiyàn tó gba àròjinlẹ̀ wà. Ojú ewé díẹ̀ ló gbà nínú ìwé. Dassin fà á gùn tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu, láìsí orin. Àwọn olè náà dá àjà ṣọ́ọ̀bù góòlù lu láti òkè, wọ́n ti agboòrùn bọ inú ihò náà kí èérún má bàa já sílẹ̀, wọ́n sì fi fóòmù panápaná pa aago ìdágìrì lẹ́nu mọ́. Àwọn kan ní Georges Auric, ẹni tó kọ orin fíìmù náà, ló fà á tí kò fi sí orin. Dassin fúnra rẹ̀ ròyìn pé Auric ti kọ orin sí i, pé òun fi ẹ̀dà méjèèjì hàn án, Auric sì gbà pé èyí tí kò lórin ló dára jù. Nítorí náà, Dassin ló ni èrò náà. Ti Auric ni pé ó fọwọ́ sí i.

Lọ́dún 1955, Dassin àti Sergei Vasilyev jọ gba ẹ̀bùn olùdarí ní àjọ̀dún fíìmù Cannes. Dassin ṣe fíìmù olè mìíràn, Topkapi, lọ́dún 1964. Jean-Pierre Melville, olùdarí mìíràn, ṣe Le Cercle rouge lọ́dún 1970, níbi tí wọ́n ti tún jalè láìsọ̀rọ̀. Wọ́n tún gbé Rififi jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000. Dassin kú lọ́dún 2008.

Le Breton ló ni àwọn jàǹdùkú náà àti ayé wọn. Dassin ló ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó sọ fíìmù náà di àwòkọ́ṣe.