Adájọ́ tó ń gba fóònù: ìtàn ẹjọ́ Ọ̀ṣun

1/ Níbí ní Ìwáyà, tí ẹjọ́ bá yí síni lọ́wọ́, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "wọ́n ti ra adájọ́." A máa sọ ọ́ tán, a máa káwọ́ lérí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìwé ẹ̀sùn ti lé adájọ́ kúrò lórí àga rí? Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ 🧵

2/ 14 oṣù Kẹrin 2007, ìbò gómìnà Ọ̀ṣun. INEC ní Oyinlọlá ló wọlé. Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní irọ́ ni, ó gba tìrìbúnà lọ. Adájọ́ Thomas Naron láti Plateau ni alága. Oṣù Keje 2008, wọ́n dá Oyinlọlá láre.

3/ Ọdún yẹn náà ni ìwé ìròyìn TheNEWS gbé àkọsílẹ̀ ìpè fóònù jáde. Wọ́n ní adájọ́ àti agbẹjọ́rò Oyinlọlá ń pe ara wọn nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́! Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Arẹ́gbẹ́ṣọlá ò sí lórí fóònù yẹn o.

4/ Ibi tó yẹ ká fetí sí rèé: ọ̀nà méjì ló wà. Kòtẹ́milọ́rùn ń béèrè pé, ṣé ìdájọ́ yẹn tọ́? Ìwé ẹ̀sùn ń béèrè pé, ṣé ìwà adájọ́ tọ́? Ọ̀kan ò lè ṣe iṣẹ́ ìkejì.

5/ Ọ̀nà kìíní: Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn n'Íbàdàn fagi lé ìdájọ́ Naron ní 2009. Tìrìbúnà mìíràn tún un gbọ́, ó tún dá Oyinlọlá láre. 26 oṣù Kọkànlá 2010, Ìbàdàn ní Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló wọlé. Ọjọ́ kejì ló búra.

6/ Ọ̀nà kejì: NJC, ìgbìmọ̀ tí òfin 1999 fún lágbára láti bá adájọ́ wí. Oṣù Kejì 2013 ni wọ́n tó ní kí wọ́n fẹ̀yìn Naron tì tipátipá, nítorí ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ òun àti agbẹjọ́rò yẹn. Ìdájọ́ 2008, ìbáwí 2013. Ó pẹ́ jàre! Ṣùgbọ́n ó dé.

7/ Àwa ńkọ́? Ìlànà NJC ti 2017 ní kí ẹ̀sùn dé láàárín oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú ìwé ìbúra. Tó bá jẹ́ majísíréètì, Judicial Service Commission ti Èkó lẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ má kàn kọ "wọ́n rẹ́ mi jẹ." Ẹ kọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, àti ẹ̀rí tẹ́ ẹ ní.

8/ Ariwo kọ́ ló mú Naron, àkọsílẹ̀ ni. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ẹjọ́ ní kóòtù 🙏🏾