Egungun Kì Í Ṣe Igi Gbígbẹ

Ọ̀rọ̀ egungun ni mo gbé wá lónìí. Ìtàn ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ walẹ̀ nínú ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, lápá Àkúrẹ́. Ihò Eléérú ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Wọ́n bá egungun ènìyàn níbẹ̀, agbárí àti àgbọ̀n wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ó ti lé ní 11,000 ọdún tí onítọ̀hún ti kú.

Agbárí náà gùn lọ sẹ́yìn, òkè rẹ̀ kò ga, egungun òkè ojú rẹ̀ sì ki. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Caleb Folorunso ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, wọ̀n ọ́n, wọ́n fi wé ti àwa òde òní àti ti àwọn ará àtijọ́. Wọ́n rí i pé ó jọ ti àwọn tó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀ ju tiwa lọ. (Ẹ má sọ pé ìyá rẹ̀ ni kò fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀ dáadáa o! Bí ìrísí rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.)

Ẹ wò ó, ẹni tí kò lẹ́nu mọ́, egungun rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé egungun itan lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Olùkọ́ wa ní kí n di ojú, kí n fi ìka tọ́ ọ. Orí rẹ̀ rí roboto, ó ń dán. Ọrùn kan wà lábẹ́ orí náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà kan wà tó ṣe ṣákaṣàka, ibẹ̀ ni ẹran itan so mọ́. Mo tún rí ihò wínníwínní, ó ní ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé. Igi gbígbẹ kì í gba ẹ̀jẹ̀.

Àwa tí a máa ń lóṣòó nídìí ààrò àti nídìí aṣọ fífọ̀ ńkọ́? Níwájú ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí egungun ojúgun ti pàdé ẹsẹ̀, ojú kékeré kan tó ń dán a máa yọ lára egungun ẹni tó ń lóṣòó púpọ̀. Àwọn tó ń yẹ egungun àtijọ́ wò máa ń wá a.

Ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró, egungun a bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ nínú. Kì í dun ni, a kì í sì í mọ̀. Ọrùn egungun itan tí mo sọ yẹn wà lára ibi tó ti máa ń kán.

Ìyá kan ládùúgbò wa yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìkejì lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí síta. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbé òrí jáde, wọ́n fẹ́ fi wọ́ ọ, kí wọ́n sì fà á. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sílẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà nílé ìwòsàn fi hàn pé ọrùn egungun itan náà ti kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fà á, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má gbé ẹni náà dìde dúró. Ẹ ki ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà egungun, bíi FMC Ìdí-Àbà l'Abẹ́òkúta. Kó tó dà bẹ́ẹ̀, ẹ máa rìn dáadáa, ẹ máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tegungun-tegungun, ẹ mu wàrà bí ó bá bá yín lára mu. Ẹ má sì rìn nínú òkùnkùn lálẹ́.

Ìyá náà ti ń fi ọ̀pá rìn wá sí ìpàdé wa báyìí. Ó ti ní kí bíríkìlà wá ha sìmẹ́ǹtì balùwẹ̀ òun, kí ó má dán mọ́.