Ìtàn Yíyọ Ìpẹtà ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá: Láti Ara Ẹdan Dé Ara Kásẹ́ẹ̀tì Géèmù

Ìpẹtà ni ohun tó ń jẹ irin, idẹ àti bàbà nígbà tí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ bá pàdé lára wọn. Ti irin a máa pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Ti idẹ àti bàbà a máa ní àwọ̀ ewé. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń bá a jà.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ní 1830, ọwọ́ àwọn Ògbóni, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú, ni àṣẹ ìlú wà. 1854 ni wọ́n tó fi Okúkẹ́nù jẹ Aláké, ọba wọn. Ẹdan, ère idẹ tí wọ́n rọ mọ́ irin, ni àmì àṣẹ Ògbóni. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn kíkúnná ni Yorùbá fi ń fọ idẹ, bí àwọn olùsìn òrìṣà Ọ̀ṣun ti ń ṣe. Kíkan inú ọsàn ń tú ìpẹtà, iyanrìn sì ń họ èyí tó kù.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ìpẹtà bá a wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1935, rédíò oníwáyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Inú àpótí ni ohùn ti ń jáde, ẹnikẹ́ni kò sì lè fèsì. Ìdí nìyí tó fi ń jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Lẹ́yìn òmìnira 1960, rédíò kékeré oníbátìrì tàn dé abúlé oko. Bátìrì tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ a máa jò, omi rẹ̀ a sì jẹ sípíríǹgì àti wáyà. Omi bátìrì àtijọ́ jẹ́ ásíìdì, nítorí náà ohun tó jọ kánún ni í pa á; ti bátìrì alukaláìnì yàtọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ló ń pa tirẹ̀.

Ẹ̀rọ géèmù náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìpẹtà. Ní 1989, ilé iṣẹ́ Nintendo gbé Game Boy, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú, jáde ní Japan. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní eyín 32, bàbà tí wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Àwọn kan tún ní bátìrì pẹlẹbẹ tí ń tọ́jú ibi tí eré dé. Bí géèmù kò bá ṣí, àwọn ọmọdé a máa fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ẹnu ń dá kún ìpẹtà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ a tú u, a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbá a, a fi òwú tó rẹ sínú spírítì nu eyín rẹ̀, a sì fi rọ́bà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ rọra yí i. Kì í fi sáńpépà họ ọ́, nítorí wúrà yóò bó, bàbà yóò sì hàn síta. Ibi tó bá ti di àwọ̀ ewé nìkan ni fínígà díẹ̀ ń kàn, kí a tó fi omi mímọ́ ṣàn án. Bí wọ́n bá yọ bátìrì tó ti kú, wọ́n á fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun mọ́ ọn.

Láti 2001 tí fóònù GSM dé Nàìjíríà, búrọ́ọ̀ṣì àti spírítì kan náà ni àwọn atúnfóònù-ṣe Sápón, Òmídá àti Pànṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta fi ń gba fóònù tí òjò pa là. Láti orí ẹdan dé orí bọ́ọ̀dù inú fóònù, òfin iṣẹ́ náà kò yí padà: mọ irú ìpẹtà, fi òdì rẹ̀ pa á, ṣàn án, kí o sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Èyí tí kò bá gbẹ yóò tún dípẹtà.