Ohùn Tó Ń Gba Ọwọ́ Alágbàtà: Ìtàn Òwò Ìpè Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn yóò rántí ohun kan tó máa ń yani lẹ́nu. Fóònù a dún ní Ìbàdàn, nọ́ńbà Nàìjíríà tí wọn kò mọ̀ rí ni yóò yọ lójú rẹ̀, ìyá a gbé e, ó rò pé oníbàárà òun kan ni. Kò ní gbọ́ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ rẹ̀ yóò wọlé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga: "Mọ́mì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ọmọ wà. Bí ìyá bá pe nọ́ńbà náà padà, kò ní bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní idán ni, àwọn kan ní gbájú-ẹ̀ ni. Òwò ni, òwò náà sì ti pẹ́.

Inú ilé ìwádìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1974, Danny Cohen, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Southern California, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lincoln Laboratory ti MIT fi ohùn ránṣẹ́ láàrin California àti Massachusetts lórí ARPANET, netiwọ́ọ̀kì tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ń náwó lé lórí, èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ti inú rẹ̀ jáde. Fóònù àtijọ́ máa ń ya odidi ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún ẹni méjì títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Àwọn Cohen gé ohùn sí wẹ́wẹ́, wọ́n kọ àdírẹ́sì sára ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tì í sójú ọ̀nà láàrin ẹrù àwọn ẹlòmíràn. Bó bá dé òdìkejì, kọ̀ǹpútà a tò ó jọ. Ibẹ̀ ni ìpè ti rọjú, ibẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ ti wá. Lẹ́tà tó pẹ́ lọ́nà ṣì ṣeé kà, ṣùgbọ́n ègé ohùn tó pẹ́ dé, dídà nù ni wọ́n ń dà á, nítorí gbólóhùn ti kọjá ibẹ̀.

Ó tó ogún ọdún kí ọgbọ́n yìí tó dé ọwọ́ aráàlú. Ní oṣù kejì ọdún 1995, VocalTec, iléeṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, gbé InternetPhone jáde fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, gbohùngbohùn àti íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀rẹ̀, bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì ní láti dúró dè é, bíi rédíò ọlọ́pàá. Ní 1999 ni wọ́n tẹ òfin SIP jáde, èdè tí ẹ̀rọ méjì fi ń kí ara wọn kí ìpè tó bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lò títí dòní. Ọdún yẹn kan náà ni Mark Spencer kọ Asterisk ní Alabama, ètò ọ̀fẹ́ tó lè sọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo di iléeṣẹ́ fóònù. Láti ìgbà náà, ẹni tó ní yàrá kan àti iná mànàmáná lè wọ òwò yìí. Ọ̀pọ̀ ló sì wọ̀ ọ́, tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́.

Owó ló fa gbogbo ìsáré yẹn. Nígbà náà, iléeṣẹ́ ńlá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, NITEL ni tiwa láti 1985, ló ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun ṣe àdéhùn iye tí wọn yóò máa san fún ara wọn lórí ìṣẹ́jú kan. Iye náà fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ju ohun tí gbígbé ohùn ń náni lọ. Ní 1997, FCC, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, fi gbèdéke lé e: sẹ́ńtì 15 fún ìṣẹ́jú kan sí orílẹ̀-èdè olówó, sẹ́ńtì 23 sí àwọn tálákà jù lọ. Kíyè sí i pé tálákà ni iye tiẹ̀ ga jù. Ẹni tó bá lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé Èkó, kó yà fún gbèdéke yẹn, èrè ń dúró dè é.

Báyìí ni àwọn olówò tí aráàlú kò gbọ́ orúkọ wọn rí ṣe yọjú. iBasis bẹ̀rẹ̀ ní Massachusetts ní 1996, ITXC tí Tom Evslin dá sílẹ̀ ní New Jersey tẹ̀ lé e ní 1997. Wọn kì í ta ìṣẹ́jú fún ìwọ tàbí èmi, iléeṣẹ́ tó ń tà fún wa ni wọ́n ń tà á fún, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Arbinet, iléeṣẹ́ mìíràn, tiẹ̀ sọ ọ́ di ọjà gan-an: olówò kan a kéde iye tó fẹ́ ta ìṣẹ́jú sí ìlú kan, ẹ̀rọ a sì fún ẹni tó fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀. Ní 2004, ITXC dara pọ̀ mọ́ Teleglobe, ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ńlá àtijọ́ tó ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọjà yìí ṣe rí, ẹ wo tòmátì tó kúrò ní Kánò bọ̀ wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Alágbàtà kìíní tà á fún èkejì, èkejì tà á fún ẹ̀kẹta, olúkúlùkù yọ díẹ̀, díẹ̀ sì ń jẹrà ní ìdúró kọ̀ọ̀kan. Ìpè náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta káàdì ìpè fún ọ ní Peckham ra ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ẹnì kan tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀rọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà tó rọjú jù lọ́jọ́ náà. Olówò kẹta lè má mọ ẹ̀kẹfà rárá.

Ohun tó ń jẹrà nínú ohùn ṣeé wọ̀n. Àjọ ITU, tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, gbà pé kí ohùn má pẹ́ ju ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti ẹnu dé etí, kí ẹni méjì má baà máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Sátẹ́láìtì tó dúró ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè máa ń jẹ bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kí ohùn tó gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti kọjá ààlà náà kí alágbàtà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí wáyà abẹ́ òkun SAT-3, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, fi ṣe pàtàkì fún wa, kí MainOne àti Glo-1 tó dé ní 2010. Ohun kejì ni ìfúnpọ̀. Ohùn fóònù gidi ń gba kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀nà ìfúnpọ̀ G.729 sì ń rún un di 8. Ìfúnpọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò burú. Ṣùgbọ́n bí olówò kan bá rún un, tí èkejì tú u, tí ẹ̀kẹta tún un rún, ohùn ọmọ rẹ yóò dà bíi ti rọ́bọ́ọ̀tì.

Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń kó àwọn ènìyàn jókòó sí yàrá tó dákẹ́, kí wọ́n gbọ́ ohùn, kí wọ́n fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Ẹ̀rọ ló ń fojú díwọ̀n máàkì yẹn báyìí. Àwọn olówò ní òṣùwọ̀n tiwọn: nínú ọgọ́rùn-ún ìpè, mélòó ni wọ́n gbé? Báwo ló ṣe pẹ́ tó kí fóònù tó dún? Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi sọ̀rọ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fọkàn tán jù. Ènìyàn kì í fi ogún ìṣẹ́jú jókòó sórí ìlà tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àwọn yòókù ṣeé yí. Olówò lè mú kí etí rẹ máa gbọ́ "krìn, krìn" nígbà tí fóònù kò tíì dún níbì kankan. Ó lè kà á pé wọ́n ti gbé ìpè, kí owó máa lọ, nígbà tí kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan. Ní Amẹ́ríkà gan-an, ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ ìpè sí àwọn abúlé kì í wọlé, nítorí pé owó àtiwọlé síbẹ̀ ga, tí àwọn alágbàtà sì ń jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ lọ́nà. Ní 2013, FCC fi òfin de fóònù tó ń dún lórí irọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Ní 2016, àjọ NCC, tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ní kí ìpè tó bá ti òkè òkun wọlé máa san ₦24.40 lórí ìṣẹ́jú kan. Ní 2018, wọ́n ní kí ìpè láti netiwọ́ọ̀kì Nàìjíríà kan sí òmíràn máa san ₦3.90. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ti rí ihò náà. Àwọn kan ra àpótí tó ń gba ọ̀pọ̀ síìmù lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń pè ní SIM box, wọ́n gba ìpè Peckham láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún un pè láti inú síìmù Nàìjíríà bíi pé àdúgbò ló ti wá. Nọ́ńbà tó yọ lójú fóònù ìyá nìyẹn, àti ìdí tí ohùn fi bàjẹ́: ìpè kan ti di méjì, ó sì gba afẹ́fẹ́ GSM lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2018, NCC dá ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ mẹ́fà tó ń so netiwọ́ọ̀kì pọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbojú nọ́ńbà yìí. Ní oṣù kìíní 2022, wọ́n sọ iye àtiwọlé láti òkè òkun di dọ́là 0.045 lórí ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìṣẹ́jú ní ọ̀pọ̀ láti tún un tà, iye owó nìkan kò tó láti fi yan olówò. Ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ní àdéhùn pẹ̀lú netiwọ́ọ̀kì tí ìpè yóò parí sí, tàbí ó ń rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ to fóònù mẹ́ta sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀kan MTN, ọ̀kan Glo, ọ̀kan Airtel, kí ẹ sì pè wọ́n láti Lọ́ńdọ̀nù ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ọmọ ń pe ìyá. Bí nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù bá yọ lójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè wá bá a sọ̀rọ̀ owó. Bí nọ́ńbà Nàìjíríà bá yọ, ẹ má san kọ́bọ̀.