Ìkójọ Ohun Èlò Àtijọ́: Ohun Tí A Pa Mọ́ àti Ohun Tí Ó Bọ́ Sọnù

Ọpọ́n Ifá kan wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 55 sẹ̀ǹtímítà. Oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún. Ní 1659 ni ọkùnrin yìí tẹ ìwé kan jáde tí ó to gbogbo ohun tí ó kó jọ sínú rẹ̀, ọpọ́n náà sì wà lára wọn. A kò mọ ọpọ́n Ifá mìíràn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ojú kò rí rí ni Weickmann fẹ́ràn. Òun kan náà ni ó hùmọ̀ oríṣi ṣẹ́ẹ̀sì tuntun kan, tí ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1664. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé pátákó ìrúbọ ni, pé àwòrán ẹ̀mí burúkú ni wọ́n fín sí i lára, àti pé ọba Àládà ni ó ń lò ó. Ará Àládà kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n Ifá ti dé ọ̀dọ̀ wọn láti ilẹ̀ Yorùbá. Fá ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti babaláwo rí kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ojú ta ni ó wà ní etí ọpọ́n náà. Èṣù ni. Weickmann ṣìnà nípa ìlò ọpọ́n yìí, kò sì dárúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó kọ ibi tí ó ti wá sílẹ̀. Ìlà díẹ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ dì mú lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta. Bí kò bá kọ ọ́ ńkọ́?

Ẹ̀wù méjì tí a fi òwú hun pẹ̀lú wà nínú ẹrù Weickmann. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyí yani lẹ́nu ju ọpọ́n lọ. Igi a máa tọ́jọ́ bí ikán kò bá débẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn, omi ìfọṣọ àti kòkòrò kì í jẹ́ kí aṣọ ó pẹ́. Ẹ wo agbádá tí a fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí láyà àti lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹyọ kan sì lè gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, iṣẹ́ náà di ti ọjọ́ díẹ̀. Bí baba bá kú, àwọn ọmọ a pín agbádá rẹ̀. Ẹni tí ó bọ́ sí lọ́wọ́ a ní kí télọ̀ bá òun gé e.

Olùkọ́ ni ẹni tí ó mú ìkójọ di iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà. K. C. Murray dé síhìn-ín ní 1927 láti ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ó kọ́ Ben Enwonwu ní iṣẹ́ ọnà. Ní 1943 wọ́n fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin dé ní 1953 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde láìgba àṣẹ, wọ́n sì ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó ní 1957.

Síbẹ̀ àléébù kan wà nínú ìkójọ. Ohun tí ó ti parí ni olùkójọ sábà máa ń rà: ère, ìlẹ̀kùn, àpótí kékeré olómorí. Irinṣẹ́ tí a fi ṣe é kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Agbẹ̀dẹ a sì tún un rọ di nǹkan mìíràn. Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tí ó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ọwọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1967. Àwọn agbẹ́gilére a máa pín iṣẹ́ wọn sí mẹ́rin. Ọ̀nà lílé ni àkọ́kọ́, àáké ni ó ni ín. Àlétúnlé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni dídán. Ó wá ku fínfín, tí ó jẹ́ ti ẹnu ọ̀bẹ mímú. Ẹni tí ó mọ èyí, bí ó bá dojú àpótí kékeré kan dé, yóò rí ojú àáké ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò dán. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun, “Yorùbá” nìkan ni ó wà lára ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìlú, kò sí ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé ìrànwú tàbí apàsà nínú ewì tí a fi dán an wò, àfò ni yóò máa mé, nítorí kò rí i rí. Bí a bá rán an nílé lásìkò ìsinmi, kí ó kọ orúkọ ohun èlò náà bí wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀ka-èdè ibẹ̀, kí ó kọ ẹni tí ó ṣe é àti ẹni tí ó lò ó, kí ó sì kọ bí ọwọ́ ti ń dì í mú. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni a máa ń gbàgbé jù.

Ní abúlé kan, mo rí apàsà tí wọ́n fi há ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Ọwọ́ ti mú un dán, ó dúdú bí kóró iṣin. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ilé pé kí ni èyí. Ó ní igi ni. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé e wá. Ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ń fi gbá afẹ́fẹ́ wálẹ̀, bí ẹni pé òfì dúró níwájú rẹ̀, ó ń sọ orúkọ àwọn aṣọ tí ó ti fi hun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tà á fún mi. Kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó gbé apàsà rẹ̀ wọ yàrá, ó sì ní kí ọmọ náà lọ wá igi mìíràn fún adìẹ.