Need-blind

Ọmọ tó bá ń wá yunifásítì ní Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ kò ní wo àpò òbí rẹ kí wọ́n tó gbà ọ́; èsì ìdánwò, àròkọ àti lẹ́tà olùkọ́ rẹ ni wọn yóò wò.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Tí àjèjì bá sàmì sí i nínú fọ́ọ̀mù pé òun nílò ìrànwọ́ owó, ìyẹn lè dí i lọ́nà. Need-aware ni wọ́n ń pe èyí, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ tó mọ̀wé tí kò mọ̀. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst wà lára ìwọ̀nba tí kì í ya àjèjì sọ́tọ̀. Dartmouth dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2022. Wọ́n tún máa ń dí àlàfo owó tó bá kọjá agbára òbí.

Kí o tó san owó fọ́ọ̀mù, wá ohun tí ilé ẹ̀kọ́ náà kọ nípa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí o sì kà á dópin.