Kẹ̀kẹ́ ogun Íjíbítì: bí ó ṣe ń sáré tó

Kẹ̀kẹ́ ogun ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́, tí ẹṣin méjì ń fà, lè sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 38 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Jean Spruytte, ará Faransé, ló kan irú rẹ̀, tó sì dán an wò. Eré àsápajúdé nìyẹn o. Ẹṣin kì í lè sá a pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́, nítorí náà ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n ń rìn lójú ọ̀nà jíjìn.

Fífúyẹ́ tí kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́ ni àṣírí eré rẹ̀. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n bá nínú ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì, tí Howard Carter ṣàwárí ní 1922, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì gbayì púpọ̀: igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, àti awọ tí wọ́n hun ṣe ilẹ̀ rẹ̀, tó ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ àti tafàtafà bí ọ̀nà bá rí gbágungbàgun. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ̀ sí, kó má baà dojú dé bó bá ń yí bìrí.

Èèyàn méjì péré ni kẹ̀kẹ́ Íjíbítì ń gbé, ṣùgbọ́n ní ogun Kádéṣì, nǹkan bí ọdún 1274 ṣáájú ìbí Jésù, èèyàn mẹ́ta ló wà nínú kẹ̀kẹ́ àwọn ará Hítì tó dojú kọ Ramesses Kejì, ọba Íjíbítì.